A Kì Í Yin Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà Láàárọ̀

Ẹ kú ilé o, gbogbo ẹ̀yin tí mo fi sílẹ̀ ní Abà Ìrókò. Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà mi kan ilẹ̀. Ìyá, mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀yin náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sunkún kí ẹ tó gbọ́ ohun tí mo fẹ́ wí. Àǹtí Sìkírà, ẹ kú ìtọ́jú àwọn òbí wa. Bàbá Kékeré, ẹ kú oko, ẹ kú oòrùn. Tíṣà, ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka lẹ́tà mi sétí ilé, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ bá mi ka èyí dé ìparí, kódà níbi tí mo bá ti dárúkọ ọmọ yín. Ara mi le. Ilẹ̀ Maiduguri gbóná bí ààrò. Ìyókù ọ̀rọ̀ rèé.

Ẹ ó béèrè pé kí ló dé tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ ilé wa fún oníwèé ìròyìn dípò kí n kọ ọ́ ránṣẹ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Gbangba ni ẹ ti dá ẹjọ́ mi. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, níwájú mọ́ṣáláṣí, níbi tí gbogbo abà ti gbọ́, ni Bàbá ti sọ pé n kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ mọ́, pé ayò ni mo wá ta ní ìlú àwọn Hausa. Ìlú Kànúrí ni, Bàbá, mo ti sọ èyí tó ìgbà mẹ́wàá. Ẹni tí wọ́n bá sì bú lọ́jà, kì í ṣe inú yàrá ló ti ń fèsì.

Ohùn Bàbá tí Àǹtí Sìkírà gbà sílẹ̀ sórí fóònù rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kíní, inú bí mi. Lẹ́ẹ̀kejì, mo gbọ́ bí Ìyá ṣe ń fọn imú lẹ́yìn, inú mi sì bàjẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹta ni mo tó fetí sí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Bàbá ní kí n palẹ̀ mọ́. Ó ní kí Iléyá bá mi nílé, kí n wá wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó wà nítòsí wa, kí ojú òun lè máa tó mi. Ó ní bí Iléyá bá bá mi níbí, kí n má ṣe kọ “ọmọ yín” sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà kankan mọ́, nítorí òun kò bí ọmọ tó ń jókòó ti ayò lójú ọ̀sán.

Èsì mi nìyí, kí n má bàa fi yín sínú iyèméjì: n kò ní wá kó tó di Iléyá. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé Iléyá ni wọ́n dá fún mi láti dúró níwájú àwọn olùkọ́ yunifásítì, kí n gbèjà pírójẹ́ẹ̀tì mi, ìyẹn iṣẹ́ ìwádìí tí a fi ń parí ẹ̀kọ́. Bí wọ́n bá pe orúkọ mi lọ́jọ́ náà tí n kò dáhùn, ọdún mẹ́rin ti dà sómi nìyẹn. Mo sì mọ ilé wa. Bí mo bá fi ẹsẹ̀ kan wọ àgbàlá, Ìyá yóò sunkún, Bàbá Kékeré yóò jókòó sórí àpótí mi, n kò sì ní lè padà. Nítorí náà, ibí ni mo wà.

Mo gbọ́ gbogbo ohun tí Ìdòwú ọmọ Tíṣà sọ nígbà tó parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ rẹ̀ níbí tó padà délé. Ó ní òun wá dágbére fún mi ní ṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò Custom, òun bá mi nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ tì pa, n kò wọ ẹ̀wù, òógùn ń ṣàn lára mi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú odò. Ó ní kọ̀ǹpútà mẹ́fà wà lórí tábìlì níwájú mi, ṣẹ́ẹ̀sì, ayò àwọn òyìnbó yẹn, wà lójú gbogbo wọn, kọ̀ǹpútà ń bá ara rẹ̀ ta á, èmi kàn fọwọ́ lẹ́rán ń wò ó. Ó ní kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ mi. Ó ní nígbà tí òun ṣílẹ̀kùn, ńṣe ni mo kígbe mọ́ òun pé kó tì í kíá, kí atẹ́gùn má bàa wọlé. Ó wá ní òun kò tíì rí ẹni tó ń sá fún atẹ́gùn ní Maiduguri rí, àfi ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú.

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Tíṣà, ọmọ yín kò purọ́ mọ́ mi. Ọ̀rẹ́ mi ni, a jọ jẹ tùwó nínú àwo kan náà fún odidi ọdún, ẹni tó bá sì bú u nítorí ọ̀rọ̀ yìí, èmi ni yóò bá jà. Ìwé nìkan ni kò rí dáadáa. Ìwé wà. Ilẹ̀ ni mo gbé e sí kí òógùn má bàa rin ín. Ṣùgbọ́n kò lè mọ ìyẹn, nítorí pé kò dúró ju ìgbà tí èèyàn fi ń mu ife omi kan lọ. Kí ẹ tó mọ ohun tó rí, ẹ ní láti jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ṣọ́ọ̀bù náà.

Alhaji Làmídì ló ni ín. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Maiduguri ni wọ́n bí Alhaji sí, níbẹ̀ ló sì ti fẹ́yàwó tó bímọ. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ló ń tà. Hájárà, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló ń bójú tó ìwé ọjà. Hausa ló dùn lẹ́nu Hájárà. Bó bá sọ Yorùbá, a máa kí mi pé ẹ káàárọ̀ kó tún fi ìwọ pè mí lẹ́ẹ̀kan náà. Mo máa ń fi rẹ́rìn-ín. Òun náà ní Hausa tèmi dà bíi ti ẹni tí eyín ń dùn. Iṣẹ́ tèmi ni láti yẹ àwọn kọ̀ǹpútà wò kí a tó gbé wọn síta. Nígbàkúùgbà tí oníbàárà bá wọlé, ìbéèrè kan náà ni: èwo ló lágbára jù? Ní gbogbo Custom, kò sí ẹni tí yóò sọ fún ọ pé tòun kò lágbára. Wọn yóò búra, wọn yóò fọwọ́ lu àyà. Alhaji wá pè mí lọ́jọ́ kan, ó ní ẹnu ti pọ̀ jù ní òpópónà yìí, kí n wá ẹlẹ́rìí tí kò lẹ́nu fún òun.

Mo ronú kan ṣẹ́ẹ̀sì, nítorí mo ti kọ́ ọ ní yunifásítì. Ètò kọ̀ǹpútà kan wà tó mọ̀ ọ́n ta ju èèyàn lọ. Bí ẹ bá gbé ayò kalẹ̀ níwájú rẹ̀, yóò máa rò ó pé bí mo bá sún ọmọ yìí, ẹnìkejì mi yóò sún tọ̀hún, bó bá sún tọ̀hún, èmi náà yóò sún èyí, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rò lọ láìsinmi. Ohun tó fi ń ronú ni pùrósẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà. Bí ọpọlọ bá lágbára, yóò ríran jìnnà. Bí kò bá lágbára, kò ní rí kọjá imú rẹ̀. Mo gbé ayò kan náà fún kọ̀ǹpútà mẹ́fà, mo fún wọn ní àkókò kan náà, mo ń wo èyí tó ríran jìnnà jù. Kò sí ìbúra nínú rẹ̀. Kò sí wallahi. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Dókítà Fálmátà, obìnrin Kànúrí tó ń bójú tó pírójẹ́ẹ̀tì mi, ó ní kí n má wulẹ̀ wá nǹkan mìíràn lọ, kí n fi ìyẹn ṣe é. Bàbá, ayò tí ẹ sọ pé mo ń ta nìyẹn.

Ẹ̀yin gan-an ni ó sì yẹ kó yé jù nílé, nítorí àáró ni. Nínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà kan, òṣìṣẹ́ ju ẹyọ kan lọ. Kóò ni wọ́n ń pè wọ́n. Òmíràn ní kóò méjì, òmíràn mẹ́rin, òmíràn mẹ́jọ. Ètò ṣẹ́ẹ̀sì yóò pín iṣẹ́ fún wọn bí ẹ ṣe ń pín ebè fún àwọn tó bá wá bá yín ṣe àáró. Àwọn oníbàárà a máa rò pé kóò mẹ́jọ yóò ṣe ìlọ́po méjì ohun tí mẹ́rin ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí ọdún tí èèyàn ya bo oko ẹ̀bá odò, ilẹ̀ tí kò tó nǹkan, tí ọkọ́ ń gbá ọkọ́, tí ẹni méjì ń kọ ebè kan náà látọ̀tún àti látòsì tí wọ́n sì ń bú ara wọn. Bí kóò mẹ́jọ ṣe ń ṣe lórí ṣẹ́ẹ̀sì nìyẹn. Òmíràn a máa ro ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti rò tán. Wọ́n yára ju mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìlọ́po méjì. Nígbà tí mo kọ èyí sílẹ̀, Dókítà Fálmátà béèrè inú ìwé wo ni mo ti rí àpèjúwe yẹn. Mo ní nínú oko bàbá mi ni. Ó ní kí n kọ ọ́ sínú iṣẹ́ náà bẹ́ẹ̀. Ó wà níbẹ̀ báyìí.

Ṣùgbọ́n mo ṣìnà, n ó sì sọ ọ́ fúnra mi kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́.

Ìgbà ọyẹ́ ni mo ṣe àyẹ̀wò àkọ́kọ́, nígbà tí òtútù mú débi pé a ń wọ jákẹ́ẹ̀tì sùn, tí eruku sì sọ òpópónà di funfun. Àárọ̀ kùtù ni mo máa ń ṣe é kí oníbàárà tó dé, ìṣẹ́jú márùn-ún fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó borí nínú gbogbo wọn ni ọ̀kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń dán, tí ọpọlọ rẹ̀ ṣì jẹ́ tuntun. Hájárà sọ ọ́ ní Amarya, ìyẹn ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ní èdè Hausa. Èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀yìn jẹ́ kọ̀ǹpútà dúdú ńlá kan tó wúwo, ọpọlọ rẹ̀ ti pẹ́ láyé, fáànù inú rẹ̀ ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta. Ìyẹn ló sọ ní Ràkúnmí. Kò sí ẹni tó fẹ́ ẹ. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo fi í sí.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Màlàm Búkàr wọ ṣọ́ọ̀bù. Olùkọ́ ni, ó ti ń hu irun funfun, ní Dalori ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ tí ogun lé kúrò nílé ní ṣẹ́ẹ̀sì. Ó ní àwọn ọmọ òun fẹ́ lọ bá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ inú ìlú díje, òun ń wá kọ̀ǹpútà tí yóò máa fi àṣìṣe wọn hàn wọ́n. Mo fi Amarya lé e lọ́wọ́. Mo ní kó má bẹ̀rù, pé mo ti wọ̀n ọ́n, pé ẹlẹ́rìí tí kò lẹ́nu ló sọ bẹ́ẹ̀.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ooru dé. Zafi ni wọ́n ń pè é níbí. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé oòrùn mú nílé, ẹ kò tíì rí nǹkan kan. Omi inú kẹ́ẹ̀gì a máa gbóná bí èyí tí a fẹ́ fi ro ẹ̀bà. Màlàm Búkàr gbé Amarya padà wá, níwájú àwọn oníbàárà, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní ìyàwó tuntun tí mo fún òun kì í dáná lọ́sàn-án o. Ó ní tó bá di ọ̀sán, yóò máa ro ìgbésẹ̀ kan títí ọmọdé yóò fi sùn. Mo dá a lóhùn pé bóyá kò mọ̀ ọ́n lò ni. Àgbà ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún o, níwájú èèyàn. Hájárà gbójú sílẹ̀. Màlàm Búkàr kò bínú. Ó ní kí n wá sí Dalori lọ́sàn-án ọjọ́ kan kí n wá fi ojú ara mi rí i, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó lọ. N kò lọ. Mo rò pé mo ti wọ̀n ọ́n, ọ̀rọ̀ ti tán.

Dókítà Fálmátà ló là mí lójú. Mo gbé èsì mi fún un, ó kà á, ó bi mí pé ìgbà wo nínú ọjọ́ ni mo ṣe é. Mo ní àárọ̀ ni. Ó ní nínú oṣù wo. Mo ní nígbà ọyẹ́ ni. Ó fọwọ́ kan fi ìwé tí ó ń fi fẹ́ ara rẹ̀ hàn mí, ó ní irú ìgbà wo ni èyí tí a wà nínú rẹ̀ yìí. Ó pa fáìlì dé, ó tì í sọ́dọ̀ mi, ó ní ẹni tó bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ní Maiduguri kì í ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún ní òwúrọ̀ ọyẹ́ ló fẹ́ fi í ṣe. Ó ní bí mo bá gbé èyí wá síwájú àwọn tó kù, òun fúnra òun ni yóò kọ́kọ́ dá mi dúró.

Mo fi ìbínú jáde. Mo wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo ń lọ sí Gomari níbi tí mo ń gbé, mò ń kùn. Nígbà tí a dé ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ kòtò ọ̀nà, mo rí i pé gbogbo àwọn lébìrà ti wà lábẹ́ igi dóńgóyárò, wọ́n nà gbalaja, àfi bàbá arúgbó kan tó ṣì wà nínú kòtò tó ń gbẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, kò yára, kò sì dúró. Bàbá, orí mi wú. Ojú ẹsẹ̀ ni mo rántí Jímọ̀.

Ẹ̀yin náà ẹ rántí rẹ̀. Jímọ̀ tó máa ń wá sí àáró wa, géńdé tí kò sẹ́ni tó yára tó o. Àwọn yòókù kò ní tíì bọ́ ẹ̀wù tí òun yóò ti kọ ebè dé àárín oko, àwọn obìnrin á máa kì í. Mo kéré nígbà náà. Mo sáré wá bá yín lábẹ́ igi igbá pé Jímọ̀ ló mọ iṣẹ́ jù, pé òun ni kí ẹ fún ní àyà ẹran. Ẹ ní kí n jókòó. Ẹ ní a kì í yin alágbàṣe láàárọ̀, pé kí n jẹ́ kí oòrùn kan àtàrí ná. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, Jímọ̀ ti sùn tì igbá omi. Bàbá Ọlọ́rẹ tó ti darúgbó ló ṣì wà lórí ebè, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ náà ló ṣe ń lọ. Òun lẹ fún ní àyà ẹran. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ fi mí sí kí n tó dé ọ̀dọ̀ Tíṣà nìyẹn. Mo rin ìrìn ọjọ́ méjì dé ìhín, mo sì gbàgbé rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kejì, mo kó kọ̀ǹpútà mẹ́fà sínú yàrá ẹ̀yìn. Mo wá ọ̀kan tó bá Amarya dọ́gba nínú ọjà láti fi rọ́pò rẹ̀, mo gbé Ràkúnmí kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo ti fèrèsé, mo pa fáànù òkè, kí yàrá náà lè gbóná bí ibi tí àwọn ọmọ Màlàm Búkàr ń jókòó sí. Mo bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, n kò fún wọn ní ìṣẹ́jú márùn-ún mọ́, títí di ìrọ̀lẹ́ ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn tún fi gbogbo wọn sílẹ̀. Kò pẹ́ tó gbóná. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà kì í kú bó bá gbóná. Ńṣe ló máa ń dín ìrìn rẹ̀ kù kó má bàa jóná. Ó dín in, ó dín in, oníkóò mẹ́jọ náà dín tirẹ̀. Ràkúnmí ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta nígun yàrá, ó ń tú ooru dànù, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ náà ló wà. Kí wọ́n tó pe ìrun àsárì, ó ti kọjá gbogbo wọn. Mo fẹ́ pariwo. Àsìkò yẹn gan-an ni Ìdòwú ṣílẹ̀kùn.

Ǹjẹ́ ẹ rí i báyìí? Atẹ́gùn tó fẹ́ jẹ́ kó wọlé ni ì bá ba iṣẹ́ ọjọ́ kan jẹ́. Ọjọ́ tí orí mi pé jù lọ láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí lẹ gbọ́ pé orí mi dàrú.

Mo wá gbé Ràkúnmí lé itan nínú kẹ̀kẹ́, mo lọ sí Dalori. Lábẹ́ páànù ni Màlàm Búkàr ti ń kọ́ àwọn ọmọ náà, lórí ẹní. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un lórí iyanrìn gbígbóná bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Àwọn ọmọ náà kò rí irú rẹ̀ rí. Wọ́n rò pé zafi ló gbé mi ṣubú, ọ̀kan sáré lọ bu omi, Màlàm Búkàr fúnra rẹ̀ di apá mi mú pé kí n rọra. Nígbà tí mo ṣàlàyé pé ẹ̀bẹ̀ ni, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Mo sọ fún un níwájú gbogbo wọn pé òun ló jàre, èmi ni mo jẹ̀bi. Mo gba Amarya, mo fi Ràkúnmí lélẹ̀. Ó ní kò tíì tán o, kí n jókòó, kí n bá Yàgáná ta ọwọ́ kan. Ọmọbìnrin tó mọ ayò náà ta jù nínú wọn ni. Yàgáná lù mí kíá, láìwo ojú mi. Ó wá kó ọmọ ayò jọ, ó ní “Kwamfuta ta iya, kai fa?” Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n ta, ìwọ ńkọ́? Gbogbo wọn fi mí rẹ́rìn-ín. N kò mọ ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín báyẹn gbẹ̀yìn.

Dókítà Fálmátà ti ka èsì tuntun. Kò yìn mí, kì í yin èèyàn. Ó kàn ní iṣẹ́ náà ti ní ẹsẹ̀ báyìí, kí èmi náà wá ní tèmi lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè mí.

N kò ní fi adùn bo ìyókù. Mo pa kíláàsì jẹ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ àyẹ̀wò yẹn, mo sì ti lọ bẹ olùkọ́ náà. Ó máa ń ṣe mí bíi pé kí n gbọ́ kí ẹnì kan pè mí ní Àkànbí. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ yẹn níbí. Ẹ̀rù ti bà mí ní ìlú yìí ju bí mo ṣe máa ń sọ fún Ìyá lórí fóònù lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí mo ń bá gbé kò sá. Alhaji ń ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láràárọ̀. Yàgáná kò ní abúlé tó lè padà sí, síbẹ̀ ó jókòó lórí ẹní, ó ń ro ìgbésẹ̀ tó kàn. Èmi tí mo ní ilé, tí mo ní bàbá tó ń pariwo mọ́ mi, èmi ni n ó sá?

Bàbá, òfin yín ni mo fi ń bá yín rojọ́, n kò mú tẹlòmíràn wá. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé a kì í dá ẹjọ́ iṣẹ́ kí oòrùn tó kan àtàrí. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo fi dá Ràkúnmí lẹ́jọ́, mo jẹ̀bi, mo sì dọ̀bálẹ̀ nínú iyanrìn. Ìgbà tí Ìdòwú fi wò mí kò tó ìyẹn, ó sọ ọ́ fún yín, ẹ fi lé mi kúrò nínú orúkọ yín níwájú mọ́ṣáláṣí. N kò ní kí ẹ dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ta ni mo jẹ́? Mo kàn ní kí ẹ jókòó sábẹ́ igi igbá bí ẹ ṣe máa ń ṣe, kí ẹ máa wò mí. N kò yára bíi Jímọ̀. Mo ń kérora, òógùn bò mí, kò sẹ́ni tó ń kì mí. Mo ṣì wà lórí ebè.

Nítorí náà, Iléyá yóò bá mi ní Gomari. Bí ẹ bá pa àgbò, ẹ gé ìpín mi, kí Àǹtí Sìkírà sá a dè mí. Bí ẹ kò bá gé e, n ó ṣì máa pè ní Jímọ̀-Jímọ̀, n ó ṣì máa kọ lẹ́tà, Tíṣà yóò sì máa kà á. Ọjọ́ tí mo bá wí tẹnu mi tán, mọ́tò àkọ́kọ́ ni n ó wọ̀, pàṣán tí ẹ bá sì fẹ́ nà mí, mo fara mọ́ ọn.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kó fún yín ní òjò lásìkò, kó má jẹ́ kí ẹsẹ̀ Ìyá dùn ún mọ́. Ẹ bá mi kí Ìdòwú. Ẹ ní mo dárí jì í, ẹ ní kó máa kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ẹ kí gbogbo abà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá, ẹ ní kí n má kọ ohun tí mo fẹ́ kọ sí ìsàlẹ̀ yìí. Mo gbọ́. Mo kọ ọ́.

Ọmọ yín láàárọ̀, ọmọ yín lọ́sàn-án gangan, ọmọ yín títí ilẹ̀ yóò fi ṣú,

Múfútàù Àkànbí,
Gomari, Maiduguri.